Marufat Onígi àti Ìkòkò Inú Apẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ń béèrè ilé Marufat ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, èéfín ni wọ́n máa ń ní kó tẹ̀ lé. Kò sí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá tí iná kì í jó lala lábẹ́ ìkòkò rẹ̀. Igi ìdáná ló ń tà. Ó tò ó ní ìdì ìdì sí iwájú ilé lábẹ́ àtíbàbà páànù, tọmọdé tàgbà sì ń pè é ní Marufat Onígi. Bí àwọn obìnrin yòókù bá ń kùn pé gáàsì ti wọ́n ju ẹran lọ, tí wọ́n ń gbé sílíńdà òfìfo lọ tí wọ́n tún ń gbé e bọ̀, Marufat á kàn rẹ́rìn-ín ni. Á ní iná tí kò rú èéfín, iná yẹ̀yẹ́ ni.

Obìnrin náà kò burú. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí kúrò nílẹ̀, kí ẹ má bàa dá a lẹ́bi kí ọ̀rọ̀ tó dé àárín. Kò háwọ́ rárá. Ọmọ aládùúgbò tí ebi ń pa kì í kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lásán, ẹni tí kò lówó igi lọ́wọ́ sì máa ń kó o lọ ni, á ní kó máa lọ, Ọlọ́run á pèsè. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé ohunkóhun tó bá ti jẹ́ tirẹ̀, kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Ohun tó sì jẹ́ tirẹ̀ ju ohun gbogbo lọ nínú ilé ọkọ rẹ̀ ni ẹnu Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni ìyá Shamsudeen, ọkọ Marufat tó jẹ́ bíríkìlà. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, eyín wọn sì ti lọ tán pátá, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn ṣì mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò. Ẹ̀wà ni oúnjẹ wọn. Láti ìgbà tí Marufat ti wọ ilé náà tí làálì ìgbéyàwó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ti ń se é fún wọn. Kì í ṣe pé Ìyá kò bí ọmọbìnrin. Wọ́n bí i, àwọn ọmọ náà sì ń gbé oúnjẹ wá kí wọn, ṣùgbọ́n Marufat ni Ìyá á ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún kan, ọwọ́ Marufat nìkan ni wọ́n ti ń gba síbí. Nítorí náà, bí Marufat bá jókòó láàárín ẹgbẹ́, kì í pẹ́ kó tó sọ ọ́ pé ìyá ọkọ òun kì í jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn. Bí àwọn kan ṣe ń fi góòlù yangàn ni òun ń fi èyí yangàn.

Báyìí ni nǹkan wà tí Israfil, àbúrò Shamsudeen, fi gbéyàwó. Awakọ̀ ni Israfil, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ná, ibẹ̀ ló sì ti rí Asiyah, ọmọ alfa kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó. Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó àbúrò ọkọ, ìyàwó ẹni ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni ìyàwó. Asiyah mọ èyí dáadáa. Orúnkún rẹ̀ kì í wọ́n nílẹ̀. Láàárọ̀ á kúnlẹ̀ kí Marufat, nírọ̀lẹ́ á tún kúnlẹ̀, "ìyálé mi" kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú Marufat dùn sí i. Ó tilẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Ọlọ́run ti fún òun ní àbúrò.

Nínú ẹrù tí Asiyah kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, apẹ̀rẹ̀ ńlá kan wà tó pa gbogbo ará ilé lẹ́rìn-ín. Kò sí àwo nínú rẹ̀, kò sí aṣọ òkè. Òwú tìmùtìmù àtijọ́, àkísà ìró àti kúbùsù kan tó ti gbó ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Marufat wò ó títí, ó ní wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ìyàwó tiwọn yìí ti lákìísà ju àgbà lọ. Asiyah náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdáná òun nìyẹn.

Wọ́n rò pé eré ló ń ṣe, àfi ìgbà tí wọ́n rí i. Ẹ̀wà tó ti rẹ sómi láti alẹ́ ni yóò gbé ka orí àdògán kékeré, ẹ̀kúnwọ́ èédú kan péré ni yóò sì fi sí i. Bí ó bá ti hó, á lóṣòó ti ìkòkò náà fún ìgbà díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà á gbé ìkòkò gbígbóná náà sínú apẹ̀rẹ̀ tòun tọmọrí rẹ̀, á fi àkísà há a lọ́tùn-ún lósì, á fi kúbùsù bò ó mọ́lẹ̀, á sì gbé e sí igun kan lẹ́yìn fèrèsé yàrá Ìyá Àgbà. Á bomi pa èédú tó kù, á sá a sóòrùn fún ọjọ́ mìíràn, á wá lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níbi tó ti ń rán híjáàbù. Títí di ìrọ̀lẹ́ kò ní yọjú sí oúnjẹ mọ́. Ìyá rẹ̀ tó ń ta màsínà ní Sábó ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Marufat ní ẹ̀wà tí wọ́n tẹ́ ibùsùn fún yìí, kó sùn dáadáa o. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Títí di ọjọ́ tó lọ ra igi lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn tí mọ́tò tó kó igi náà bà jẹ́ lọ́nà. Nígbà tó máa dé, oòrùn ti wọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bá Ìyá Àgbà, àwo òfìfo wà níwájú wọn, ètè wọn ń dán fún epo. Asiyah ti fún wọn lẹ́wà jẹ. Ìyá ní kí Marufat wá tọ́ èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò wò, Marufat sì tọ́ ọ wò. Ẹ̀wà náà yọ́ sí i lẹ́nu. Èèpo rẹ̀ kò ta kókó, kò sí ọ̀kan tó le nínú rẹ̀. Ó ní ó dùn, ó sì bọ́ sí yàrá rẹ̀.

Èyí kò burú. Èyí tó burú ni ti ọjọ́ kejì, nígbà tó gbé ẹ̀wà tirẹ̀ lọ fún Ìyá bí ó ti máa ń ṣe. Ìyá Àgbà gba àwo náà, wọ́n jẹ síbí kan, wọ́n yí i kiri lẹ́nu, wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ kan láìní ibi kankan nínú.

"Marufat, ṣé Asiyah ò se ẹ̀wà lónìí ni?"

Ó jowú lójú ẹsẹ̀. Owú náà pọ̀ débi pé itọ́ ẹnu rẹ̀ korò. Gbogbo ọdún tó fi fẹ́ iná tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, gbogbo ẹ̀ẹ̀rún àti òjò, ọmọ tí làálì kò tíì parẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti fi apẹ̀rẹ̀ àkísà gbà á lọ láàárín ọjọ́ kan. Àti pé kò rí ẹ̀bi kankan tí yóò dá a. Ṣé ẹ mọ̀ pé owú tí a kò rídìí rẹ̀ sọ síta ló máa ń roni lára jù.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ bá a jà. Ó fi igi kún igi. Ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ á wà lórí iná láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kàtàrí, omi á gbẹ, á tún bu omi míì sí i. Nígbà tí ẹ̀wà náà kò rọ̀ tó ti Asiyah, ó bu káún sí i. Káún náà pọ̀ jù. Ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó korò bí ewúro. Síbí méjì ni Ìyá jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti yó. Láti ọjọ́ náà lọ, Asiyah ló ń se ẹ̀wà Ìyá. Kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀, ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun mìíràn tún wà nípa Asiyah. Ọmọbìnrin náà kì í dúró de wàhálà kó tó múra. Kẹ́ẹ̀gì omi wà ní ìtò lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì máa ń kún nígbà gbogbo. Ó ní ike ọ̀dà kan tó ní ọmọrí, ìṣáná tó fi náílọ́ọ̀nù wé ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là, iyọ̀, ṣúgà àti oògùn ibà. Ó ní òmíràn tó kún fún èédú gbígbẹ, òmíràn fún gààrì àti ẹja gbígbẹ. Marufat bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ogun ń bọ̀ ni. Asiyah ní rárá, ìyálé òun, pé omi ya wọ ilé àwọn rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí òun wà ní kékeré, ebi sì pa àwọn nígbà náà. Marufat ní Ọ̀yọ́ kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà kò wá ní pẹ̀lẹ́. Ìjì ló ṣáájú rẹ̀, ó sì ká àtíbàbà Marufat kúrò lórí igi rẹ̀, ó gbé páànù rẹ̀ kọjá ògiri sí ilé onílé. Gbogbo igi pátá ló rin gbingbin. Òpó iná wó lulẹ̀ lójú títì, tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàù, ìkún omi dí ọ̀nà, mọ́tò tó ń kó gáàsì kò lè wọlé. Fún ọjọ́ mélòó kan, òjò kò dá, kò sì sí ilé tó lè dáná. Marufat kó igi tútù sí ààrò, ó fẹ́ ẹ títí àyà fi ń dùn ún. Èéfín nìkan ló rí, òun tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé iná tí kò rú èéfín kì í ṣe iná.

Ẹ̀kúnwọ́ èédú Asiyah ló bọ́ gbogbo agboolé. Ìkòkò kan á kúrò lórí àdògán, á bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, òmíràn á gorí iná náà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, omi gbígbóná fún Ìyá láti wẹ̀. Àwọn ọmọ Marufat gan-an, Kareem àti àwọn àbúrò rẹ̀, to àwo níwájú Asiyah. Asiyah kò sì gbéra ga. Bí oúnjẹ bá jinná, á gbé ìkòkò náà wá bá Marufat, á kúnlẹ̀, á ní kí ìyálé òun bá òun pín in nítorí òun ni àgbà. Ìbá ṣe pé ó gbéra ga ni, Marufat ìbá rí nǹkan dì mú. Ìwà pẹ̀lẹ́ náà ló ń pa á. Shamsudeen wá dá kún un nígbà tó jẹun tán tó nu ẹnu, ó ní ilé tó bá ní irú Asiyah kò bẹ̀rù òjò. Bóyá ọkùnrin náà fi ọkàn kan sọ ọ́ ni o, ṣùgbọ́n Marufat kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì.

Nígbà tí òjò dá tó ń sá igi rẹ̀ sóòrùn, ó tú ọ̀rọ̀ náà fún Comfort ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ata ni Comfort ń tà lódìkejì títì, ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé tí kò rí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Marufat sọ fún un bí Asiyah ṣe máa ń lóṣòó ti ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ á máa jẹ wúyẹ́wúyẹ́, tí ohùn kò ní jáde, kó tó fi aṣọ dì í. Comfort gbé ọwọ́ kúrò lórí ata.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Comfort wí. "Ìkòkò tí kò níná lábẹ́ tó ń jinná, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ alfa kọ́? Lọ wo abẹ́ àkísà yẹn, o máa bá tírà níbẹ̀."

Ó dà bí ẹni pé Marufat ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló bà jẹ́ nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀wà rẹ̀ ni kò dùn mọ́. Wọ́n fi àdúà di ẹnu Ìyá Àgbà ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe dé inú apẹ̀rẹ̀ náà, ṣùgbọ́n láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ ni Asiyah ti ń rí i lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tó ń retí dé láàárọ̀ kan tí ìpè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyá Asiyah yọ̀ ṣubú nínú ọjà, apá rẹ̀ sì kán. Israfil ti gbé mọ́tò síta, ó ń fun fèrè. Asiyah ti gbé ẹ̀wà Ìyá kaná kí ìpè náà tó dé. Omijé wà lójú rẹ̀ bó ti lóṣòó ti ìkòkò náà tí ètè rẹ̀ ń sáré, lẹ́yìn náà ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó dì í, ó sì wá kúnlẹ̀ níwájú Marufat. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i títí wọn yóò fi kírun Alásàrí tán, kó wá bá òun bù ú fún Ìyá. Marufat ní kó máa lọ, ilé ti wà lọ́wọ́ òun. Ó tilẹ̀ gbàdúà fún ìyá rẹ̀.

Mọ́tò kò tíì dé ìyànà tí Marufat fi dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Ó ká kúbùsù kúrò, ó fa àkísà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ̀n wọ́n. Ó tẹ òwú náà lọ́wọ́ bóyá nǹkan líle á kàn án. Kò sí tírà, kò sí bébà, kò sí awọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà bí ó ti lè kó o. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé inú ìkòkò gan-an ni yóò wà. Ó padà lọ, ó ṣí ọmọrí, ooru gbá a lójú, ó ti ìgbakọ bọ̀ ọ́, ó rò ó dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà àti omi ló bá níbẹ̀. Ó dé e. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí ó tún lọ ṣí i, nítorí pé ẹni tó bá ń wá nǹkan tí kò sọnù kì í mọ ìgbà tó yẹ kó jáwọ́.

Nígbà tó kírun tán tó wá bu ẹ̀wà náà, ó fi ìka tẹ ọ̀kan. Ó le. Ìkòkò náà ti tutù nítorí gbogbo ṣíṣí náà, kò sì tíì dé ìlàjì jíjinná. Ẹ gbọ́ o, Marufat Onígi ni à ń wí yìí. Iná rẹ̀ ń jó lọ́wọ́ nínú ààrò, igi gbígbẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbé ìkòkò náà kaná fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, ẹ̀wà náà á rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ohunkóhun. Ó wo ààrò, ó wo ìkòkò. Ó wá bu ẹ̀wà náà sáwo bó ti wà, ó da epo lé e. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí Ìyá jẹ ẹ́, kí Ìyá tu ú, kí wọ́n ké pe gbogbo ilé wá wo ohun tí Asiyah sè kalẹ̀ fún arúgbó tí kò léyín.

Ó gbé e fún wọn, ó sì jókòó tì wọ́n. Ìyá Àgbà fi síbí kan sẹ́nu. Ẹnu wọn dúró. Marufat ń retí. Ìyá kò tu nǹkan kan. Wọ́n na ọwọ́ sí ife omi, wọ́n mu ún, ọ̀fun wọn lọ sókè sódò, wọ́n sì bu síbí mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀wà líle náà mì pẹ̀lú omi, láìjẹ, títí àwo fi mọ́. Wọ́n wá nu ẹnu, wọ́n ní ó dùn, kí Ọlọ́run bù sí i fún ẹni tó sè é. Marufat gbé àwo náà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, nítorí ó rò pé àdúà tí wọ́n fi di ẹnu Ìyá le tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mọ òkúta yàtọ̀ sí ẹ̀wà mọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ti ń run Ìyá Àgbà. Ikùn wọn wú, òógùn bò wọ́n, wọ́n ká jọ sórí ẹní. Ẹ̀rù ba Marufat gan-an. Ó gbé omi gbígbóná, ó fi àdí pa wọ́n níkùn. Shamsudeen fẹ́ pe Asiyah lórí fóònù kó béèrè ohun tó sè. Ìyá ní kó má pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹ̀wà náà rọ̀ dáadáa, pé búrẹ́dì tí àwọn jẹ láàárọ̀ ni. Marufat mọ̀ pé Ìyá kò jẹ búrẹ́dì kankan. Ó ń fọwọ́ ra ikùn wọn lọ.

Ara Ìyá ti balẹ̀ kí Asiyah tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n Israfil ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ lórí fóònù, ó sì ti sọ fún un lọ́nà. Tààrà ọ̀dọ̀ Marufat ni Asiyah gbà, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ń sunkún.

"Èmi ni mo jẹ̀bi, ìyálé mi," ó wí. "Súrà Yáàsíìn ni màmá mi ní ká máa kà ti ìkòkò. Bí a bá kà á já pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀wà ti hó tó láti wọ apẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a kì í wo aago. Mo sáré kà á lánàá nítorí fèrè mọ́tò. Mo fo àwọn ẹsẹ kan nínú rẹ̀. Mi ò ní se ti Ìyá mọ́ láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà."

Ohun tí Marufat ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá fi omijé dá a padà fún un. Ó ní kò burú, kó má sunkún mọ́. Ó gbà á. Oorun alẹ́ náà kò dùn ún sùn, Yáàsíìn náà ń dà á láàmú. Òun náà mọ̀ ọ́n létí, wọ́n máa ń kà á nílé òkú. Kò tíì gbọ́ rí pé ẹnìkan fi í wọn àkókò ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dá iná, ó sì gbé ẹ̀wà Ìyá Àgbà kaná lórí igi tirẹ̀, èéfín sì gba ojú ọ̀run bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó gbé e fún Ìyá lọ́sàn-án. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé síbí sílẹ̀, wọ́n ní kó ti ilẹ̀kùn kó jókòó.

"Ìkòkò Asiyah kì í rùn síta àfi tí wọ́n bá ṣí i," Ìyá Àgbà wí. "Lọ́jọ́ yẹn, òórùn ẹ̀wà gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi láàárọ̀. Ó tún wá. Ó tún wá kí wọ́n tó pèrun. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, Marufat. Imú mi ò ṣe nǹkan kan."

Nígbà tí Marufat máa la ẹnu, ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ti ìdáríjì. Owú náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tí Ìyá ń dáàbò bò.

"Kí ló dé tí ẹ fi jẹ ẹ́, Ìyá? Ta lẹ jẹ ẹ́ fún?"

"Ìwọ ni. Bí mo bá dá àwo yẹn padà, wọ́n á wádìí, ìwọ lojú á sì tì. Mi ò fẹ́ kí ojú tì ọ́ nínú ilé tí o ti tọ́jú mi. Mo gbé e mì nítorí tìrẹ."

Ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mẹni tó fẹ́ni. Omi bọ́ lójú Marufat. Ìbá wù ú kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kó dìde, kó lọ máa fi yangàn láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà rọra ti àwo ẹ̀wà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àmọ́ ẹ̀wà Asiyah ló ń wù mí í jẹ. Ọmọ yẹn rò pé òun lòun fẹ́ pa mí. Lọ sọ òótọ́ fún un, kó lè máa se é fún mi."

Marufat jáde. Àgbàlá tó wà láàárín yàrá méjèèjì kò ju ibi tí èèyàn lè sọ òkò dé lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó là á kọjá. Inú ń bí i sí Ìyá, inú ń bí i sí ara rẹ̀, ó sì ń jowú síbẹ̀, àní bó ṣe ń lọ gan-an. Wọ́n fẹ́ràn òun, ẹ̀wà ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ, kò sì sí bí òun ṣe máa pa méjèèjì pọ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni Asiyah wà, ojú rẹ̀ ti wú. Bó ti rí ìyálé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ sílẹ̀, ó dìde láti kí i.

"Má kúnlẹ̀ fún mi lónìí," Marufat wí. "Èmi ni mo ṣí ìkòkò rẹ."

Ṣùgbọ́n orúnkún Asiyah ti kanlẹ̀ ná.